Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àlàyé Lórí Òrùka Tí Ó So Ẹ̀rọ Pọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún òwe yìí ni pé kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń mú ènìyàn là. Ṣùgbọ́n bí a bá mú òwe náà bí ó ti wà gan-an, láìfi ìtumọ̀ mìíràn kún un, ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣètò ẹ̀rọ lóde òní. Ọjà tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí igi ńlá bá wó dí ọ̀nà náà ni ọjà tú. Ọjà tí ó ní ọ̀nà méjì, bí igi bá dí ọ̀kan, àwọn alájàpá yóò yà gba èkejì, ẹrù wọn yóò sì dé kí oòrùn tó mú.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ àti ìṣirò wà lára ẹrù tí ń rin ọ̀nà jù. Bí ènìyàn bá fi káàdì gba owó ní Ìkàrẹ́, ìbéèrè rẹ̀ lè gba orí okùn dé Èkó kí ìdáhùn sì padà kí ó tó ka mẹ́wàá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá bá fẹ́ wo èsì ìdánwò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà. Ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, bí ibi tí a ti ń ṣe símẹ́ǹtì tàbí ibi tí a ti ń pín iná mànàmáná, ẹ̀rọ ni ó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: ọ̀kan sọ pé ooru ti pọ̀ jù, èkejì gbọ́, ó sì dá iṣẹ́ dúró. Bí okùn tí ó so wọ́n pọ̀ bá já, ọ̀rọ̀ kò ní dé, ìpalára sì lè ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń so ẹ̀rọ wọn pọ̀ bí òrùka. Kókó ìjíròrò yìí ni bí òrùka náà ti ń ṣiṣẹ́, bí a ti ń tò ó, àti ìdí tí òrùka mìíràn fi ń já ènìyàn kulẹ̀ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù.

Ìlà di òrùka

Ní ọdún 1973 ni Robert Metcalfe àti David Boggs, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ilé iṣẹ́ Xerox ní Palo Alto, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí okùn. Ethernet ni orúkọ ètò náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ sọ, yóò pín in sí ìdì kéékèèké. Nọ́ńbà ẹ̀rọ tí ó rán ọ̀rọ̀ náà àti nọ́ńbà ẹ̀rọ tí yóò gbà á wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan. Àpótí tí ń gba àwọn ìdì wọ̀nyí, tí ó sì ń darí wọn sí ibi tí ó yẹ, ni wọ́n ń pè ní switch. Ojú púpọ̀ ni switch ní, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní ojú tí a kì í bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ó dúró ní oríta: ó ń wo ojú tí ìdì gbà wọlé, ó ń fi nọ́ńbà ẹni tí ó rán an sọ́kàn, nígbà tí èsì bá sì ń padà, ó ti mọ ojú tí yóò tì í sí.

Switch tí a ṣe fún ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a ń lò ní ọ́fíìsì. Ó máa ń jẹ́ alára líle, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní fáànù tí eruku lè dí. Wọ́n lè fara da ooru àti ìgbọ̀nrìrì. A lè fi iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì bọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kí ó lè jẹ́ pé bí iná kan bá kú, èkejì yóò gbé e dúró. Ara ọ̀pá irin pẹlẹbẹ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, nínú àpótí iná ilé iṣẹ́, ni a sábà máa ń fi wọ́n kọ́.

Bí switch mẹ́fà bá tò ní ìlà gbọọrọ, okùn márùn-ún ni yóò so wọ́n pọ̀. Bí okùn tí ó wà láàárín bá já, mẹ́ta yóò bọ́ sí apá kan, mẹ́ta yóò bọ́ sí apá kejì, wọn kò sì ní gbúròó ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi okùn kan kún un, tí ó ti ọ̀dọ̀ switch ìkẹyìn padà wá sí ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́, ìlà ti di òrùka. Ibi yòówù tí ọ̀kan bá ti já, ọ̀rọ̀ lè gba òdìkejì. Owó okùn kan ni a fi ra àbò fún okùn márùn-ún yòókù. Nítorí pé àbò náà kò wọ́n ni òrùka fi gbajúmọ̀ ní ilé iṣẹ́, lẹ́bàá ojú irin, àti ní àwọn ibi tí ẹ̀rọ ti jìnnà sí ara wọn.

Ìjì ìkéde

Ẹni tí ó bá so okùn yí ká báyìí láìṣe ohun mìíràn kún un yóò rí àgbákò. Kì í ṣe gbogbo ìdì ni a rán sí ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn jẹ́ ìkéde fún gbogbo ẹ̀rọ, bí ìgbà tí akéde bá lu agogo pé kí gbogbo ìlú gbọ́. Bí switch bá gba irú ìdì bẹ́ẹ̀, yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì tì í jáde ní gbogbo ojú tí ó ní, àyàfi ojú tí ó gbà wọlé. Lórí ìlà gbọọrọ, ìkéde náà yóò rìn dé òpin, yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùka kò ní òpin. Ìdì Ethernet kò sì ní àmì kankan lára tí ń ka iye switch tí ó ti kọjá, tí yóò fi sọ pé ó ti rìn tó, kí ó kú. Yóò máa yí po, ìkéde mìíràn yóò sì máa kún un. Láàárín ìgbà díẹ̀, okùn yóò kún fún ariwo, ọ̀rọ̀ tí ó wúlò kò ní ráyè kọjá mọ́. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìjì ìkéde. Okùn tí a fi kún un láti dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ ni ó wá pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

Báwo ni a ó ṣe ní ọ̀nà méjì tí ọ̀nà méjì kò ní di ìyọnu? Àwọn ọdẹ mọ ìdáhùn náà tipẹ́ láti ọ̀dọ̀ òkété. Ihò òkété kì í ní ẹnu kan. Ẹnu tí ó ń gbà wọlé tí ó ń gbà jáde wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹnu mìíràn wà tí ewé tàbí iyẹ̀pẹ̀ bò. Ẹnu náà wà, a kò sì rí i lò ní ojoojúmọ́. Ọjọ́ tí ọdẹ bá fín èéfín sí ẹnu àkọ́kọ́ ni òkété yóò já ìkejì, tí yóò sì sá lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òrùka ẹ̀rọ ti rí. A so okùn yí ká pátápátá, ṣùgbọ́n a pa ojú kan dé, kí ó lè jẹ́ pé ìlà ni òrùka náà jẹ́ ní ojoojúmọ́. Bí ibì kan bá já, a ṣí ojú tí a pa dé.

Radia Perlman, obìnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní ọdún 1985 tí àwọn switch fi lè bá ara wọn ṣe àdéhùn nípa ojú tí wọn yóò pa dé, láìsí pé ènìyàn kan dá sí i. Spanning Tree ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Àléébù kan ni ó ní: bí okùn bá já, ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 50 kí ọ̀nà mìíràn tó ṣí. Ní ọ́fíìsì, èyí lè má dun ẹnikẹ́ni. Ní ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń gbé òkúta sókè tàbí tí ó ń po kẹ́míkà, 30 ìṣẹ́jú àáyá láìgbọ́ àṣẹ lè di jàǹbá.

Ìdí nìyí tí a fi ṣe ìlànà tí ó jẹ́ ti òrùka nìkan. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn ni MRP, tí ó wà nínú ìwé òfin àgbáyé IEC 62439-2. Nínú ìlànà yìí, a ó yan switch kan ní aṣọ́ òrùka. Òun ni yóò pa ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ méjèèjì dé fún ọ̀rọ̀ lásán. Síbẹ̀, kò ní dẹ́kun láti máa rán ìdì àyẹ̀wò jáde ní ojú méjèèjì. Bí ìdì tí ó gba ọwọ́ ọ̀tún jáde bá gba ọwọ́ òsì wọlé padà, aṣọ́ òrùka mọ̀ pé òrùka pé. Bí kò bá rí i mọ́, tàbí bí switch mìíràn bá ké sí i pé okùn òun ti já, yóò ṣí ojú tí ó pa dé lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún gbogbo switch yòókù pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ̀nà tuntun. Gbígbàgbé yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé switch tí ó bá ń rántí ọ̀nà àtijọ́ yóò máa ti ìdì sí ibi tí okùn ti já. Fún òrùka tí switch rẹ̀ kò ju 50 lọ, gbogbo ìyípadà yìí lè parí láàárín ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí ìyẹn pàápàá bá pọ̀ jù, bí ibùdó ìpín-iná ńlá, ìlànà mìíràn wà tí ń rán ẹ̀dà méjì ìdì kan náà ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan lè dé bí èkejì kò bá dé.

Bí a ti ń tò ó

Iṣẹ́ náà kò nira, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Èkíní, a kò gbọdọ̀ fi okùn ìkẹyìn bọ ojú rẹ̀ títí gbogbo switch yóò fi gba àṣẹ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ so òrùka pé kí ó tó fún wọn ní àṣẹ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìjì ìkéde. Èkejì, a ó yan aṣọ́ òrùka kan, ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn yòókù yóò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, lára switch kọ̀ọ̀kan, a ó sọ ojú méjì tí ó jẹ́ ti òrùka, a ó sì pa ìlànà Spanning Tree ní ojú méjèèjì náà, kí ìlànà méjì má baà máa jà lórí ilẹ̀kùn kan. Ẹ̀kẹrin, a ó wá fi okùn ìkẹyìn bọ ojú rẹ̀, a ó sì wo bóyá aṣọ́ òrùka sọ pé òrùka pé.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. A ó yọ okùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ, a ó wò ó bóyá ọ̀rọ̀ dúró, a ó sì dá okùn náà padà kí a tó kan èyí tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀nà àbò tí a kò dán wò rí kò yàtọ̀ sí agboòrùn tí a kò ṣí wò títí òjò fi dé. Ẹ̀kẹfà, ọ̀pọ̀ switch ilé iṣẹ́ ní ojú wáyà kan tí a lè so mọ́ fìtílà pupa tàbí agogo, kí ó lè kígbe bí òrùka bá já. Kí a so ó, kí a sì fi agogo náà sí ibi tí ènìyàn wà.

Òrùka orí ìwé

Títò switch dáadáa kò tó. Ibi tí okùn gbà ṣe pàtàkì ju bí a ti so ó lọ, ilẹ̀ Àkókó sì fi èyí hàn kedere. Òkè àti àpáta ni ó yí Ìkàrẹ́ àti Òkà ká, ọ̀nà ọkọ̀ tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ sì gba Àkùngbá kọjá. Ká ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ ní òrùka kan. Ó rọrùn láti sin okùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti Ìkàrẹ́ dé Àkùngbá, àti láti Àkùngbá dé Òkà. Ìṣòro wà lára okùn kẹta, èyí tí yóò ti Òkà padà sí Ìkàrẹ́. Àpáta kò ṣe é gbẹ́ bí iyẹ̀pẹ̀. Ohun tí yóò tètè sọ sí agbaṣẹ́ṣe lọ́kàn, bí ó bá fẹ́ dín owó kù, ni pé kí ó da okùn kẹta sínú kòtò tí ó ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀.

Lórí ìwé, òrùka pé. Lójú aṣọ́ òrùka pàápàá, òrùka pé, nítorí pé ìdì àyẹ̀wò ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí katapílà tí ń tún ọ̀nà ṣe bá gbé ẹnu bọ ilẹ̀ ní ibì kan ṣoṣo láàárín Ìkàrẹ́ àti Àkùngbá, okùn méjì ni yóò já lẹ́ẹ̀kan. Ìkàrẹ́ yóò dá wà. Switch kò mọ kòtò. Ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn òkè yìí kan náà lè di olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀rọ rédíò tí a gbé kọ́ sórí òpó ní orí òkè lè ju ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ mìíràn ní orí òkè kejì, bí ohunkóhun kò bá dí wọn lójú. Òjò líle lè dín agbára rẹ̀ kù, ẹrù tí ó lè gbé kò sì tó ti okùn. Ṣùgbọ́n katapílà kò lè gé e, fún ìdí yìí nìkan ni ó fi yẹ ní ọwọ́ kẹta òrùka.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà ti ṣẹlẹ̀ nínú òkun. Àwọn okùn abẹ́ òkun kì í ṣe òrùka Ethernet, ṣùgbọ́n òfin ọ̀nà méjì kan náà ni ó de wọ́n. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní agbègbè etíkun Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì di ìṣòro ní Nàìjíríà, Gánà, Benin, Liberia àti Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀, àwọn ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà sì rí wàhálà. Ilé iṣẹ́ MainOne ṣàlàyé pé nǹkan bí kìlómítà 3 ni jíjìn omi níbi tí okùn tiwọn ti já, pé kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja, ó sì jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ó mì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àtúnṣe gbà. Okùn mẹ́rin ni, orúkọ mẹ́rin ni, síbẹ̀ agbègbè kan náà ni wọ́n jọ gbà kọjá. Equiano, okùn ilé iṣẹ́ Google tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2022, gba ọ̀nà tí ó jìnnà sí ibẹ̀, kò já. Àwọn tí wọ́n ti ní àyè lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí ọ̀nà gbà.

Ìdákẹ́ tí ó léwu

Ewu kan wà tí ó burú ju kòtò kan náà lọ, nítorí pé kì í hàn. Bí okùn kan bá já nínú òrùka tí a tò dáadáa, ọ̀rọ̀ kò ní dúró. Olùkọ́ yóò máa kọ́ni, nọ́ọ̀sì yóò máa wo ìwé aláìsàn, kò sí ẹni tí yóò ráhùn. Ohun rere ni èyí, òun náà sì ni ìdẹkùn. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, òrùka ti padà di ìlà. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá láìsí ẹni tí ó mọ̀, tí okùn kejì wá já, gbogbo ènìyàn yóò wí pé òrùka kò wúlò, nígbà tí ó jẹ́ pé òrùka ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹni tí kò gbọ́ agogo ni kò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí okùn púpọ̀ bá já pọ̀, kò sí ètò tí kò ní mì. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ oníbàárà ilé iṣẹ́ MTN ní Nàìjíríà kò lè pe ẹnikẹ́ni fún wákàtí púpọ̀. Àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà ṣe ni pé okùn wọn já ní ibi púpọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé àṣẹ jáde tí ó ka irú àwọn ohun èlò wọ̀nyí mọ́ dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè tí a kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Àṣẹ dára, ṣùgbọ́n katapílà kì í ka ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó ni okùn gbọ́dọ̀ mọ̀ nígbà tí ọ̀kan bá já, kí ó tún un ṣe kí èkejì tó já.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà dúró yí ká, kí ó fún wọn ní okùn mẹ́fà láti so ara wọn pọ̀, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì gba ìwé pélébé lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní apá kan, kí ó fi í fún ẹni tí ó wà ní apá kejì. Wọn yóò rí i pé ìwé náà kò ní dúró láé. Lẹ́yìn èyí, kí ó yan ọ̀kan ní aṣọ́ òrùka, kí ó fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn. Ìwé yóò rìn dé òpin, yóò sì dúró. Kí ó wá gé okùn kan ní gbangba, kí aṣọ́ òrùka na ọwọ́ rẹ̀ jáde, kí ìwé sì gba òdìkejì. Ní ìkẹyìn, kí olùkọ́ gé okùn mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó bi àwọn tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn pé ìgbà wo ni ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn pé ìgbà tí okùn àkọ́kọ́ já ni, kì í ṣe ìgbà tí èkejì já, ti mọ ohun tí òrùka wà fún.